Ẹni Tó Di Okùn Mú: Ìmọ̀ràn Fún Òbí Tó Fẹ́ Gbé Ọmọ Gun Ẹṣin Lásìkò Ọlidé

Àwọn àgbà sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Kò sí ilé kan ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní Màpó tàbí ní Beyerunka tí wọn kì í ti í pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí àwọn tó ti gun ẹṣin rí nínú wa nawọ́ sókè, ọwọ́ tí a ó rí kò ní í pọ̀. Àwọn baba tó fi òwe náà lélẹ̀ fún wa mọ ẹṣin bí ẹni mọ owó. Àwa tí a jogún òwe, òkèèrè ni a ti ń wo ẹṣin: níbi ìnáwó tí wọ́n ti ń lùlù fún un, tàbí nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ojú ewé yìí ni pé ó ti di àṣà láàrin ọ̀pọ̀ ìdílé láti mú àwọn ọmọ jáde nígbà ọlidé. Ohun tó dára ni. Ọmọ tó ti fi odindi oṣù mẹ́ta jí ní ìdájí, tó ń gbé báàgì ìwé lọ tó ń gbé e bọ̀, ó yẹ kí ojú rẹ̀ rí ohun mìíràn yàtọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. Bí ìdílé bá sì dé etí òkun, tàbí ibi ìgbafẹ́ kan lọ́jọ́ ọdún, ohun tí ọmọ sábà máa ń kọ́kọ́ nàka sí ni ẹṣin: "Dádì, mo fẹ́ gùn ún!" Kí ni Dádì yóò wí? Òmíràn yóò ní rárá, nítorí ẹ̀rù ń ba òun fúnra rẹ̀. Òmíràn yóò ná owó, yóò gbé ọmọ lé ẹṣin lẹ́yìn, yóò sì yọ fóònù láti ya fọ́tò. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Ohun tó yẹ ní bíbéèrè náà ni a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

ẸṢIN KÌ Í ṢE ÀLEJÒ NÍLẸ̀ WA

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ yín pé nǹkan òyìnbó ni ẹṣin gígùn. Kí òyìnbó tó dé, ẹṣin wà lára ohun tó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di alágbára. Láti ìhà àríwá ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wọ̀lú, nítorí pé ẹṣin kì í pẹ́ láyé nínú igbó. Eṣinṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní tsetse, tó máa ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran. Àrùn tó máa ń kó bá ẹṣin a máa mú un rù títí yóò fi kú. Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ fi ń jọba ní ọ̀dàn, tí agbára wọn sì máa ń dín kù bí ogun bá kan igbó.

Ìbàdàn náà mọ ẹṣin. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin tó kún fún ẹlẹ́ṣin dó ti Òṣogbo. Àwọn jagunjagun Ìbàdàn lọ gbèjà ìlú náà, òru ni wọ́n sì kọlu àwọn ará Ìlọrin. Ogun Ìlọrin fọ́, ọ̀pọ̀ ẹṣin wọn sì bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́gbọ́n: ẹṣin tí a kò múra sílẹ̀ fún kò lè gba ẹni tó ni ín sílẹ̀.

Ní ààfin Ọ̀yọ́ ẹ̀wẹ̀, oyè ńlá ni Olókùn-Ẹṣin. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: ẹni tí okùn ẹṣin wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó jókòó sórí ẹṣin nìkan ni àwọn baba wa ń bu ọlá fún. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀mí ẹni tó jókòó wà lọ́wọ́ ẹni tó di okùn mú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni a ó máa padà sí.

Àwọn òyìnbó náà mú tiwọn dé. Ní 1904 ni bọ́ọ̀lù orí ẹṣin tí wọ́n ń pè ní pólò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Pápá tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré ìje nígbà náà ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ òmìnira Nàìjíríà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Pápá náà ló di Tafawa Balewa Square, ère ẹṣin funfun mẹ́rin sì wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá ni ọdún Ojúde Ọba, tí àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wá júbà ọba wọn. Lọ́dún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbẹ̀ tàn ká gbogbo ayé, àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ sì ń fẹ́ ya irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo àwọn àwòrán Ojúde Ọba dáadáa: lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó rí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin. Àwọn yẹn kì í sábà gbayì nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń mú kí fọ́tò náà dára.

NÍBO NI KÍ A TI GÙN ÚN?

Ká sọ òótọ́, kì í ṣe àárín Ọjà'ba. Láti Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba, ẹsẹ̀ ènìyàn gan-an kì í rí ibi tẹ̀. Máíkírà ń fọn fèrè níwájú, ọlọ́kadà ń já bọ̀ lẹ́yìn, aláàárù ń ké "àgò lọ́nà!" lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkè Màpó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929 wà, dára fún ẹni tó fẹ́ wo páànù ìlú Ìbàdàn bó ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọlọ́dà tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ kì í ṣe ibi tí ẹni tí kò gun ẹṣin rí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà a máa yọ̀ lábẹ́ pátákò ẹṣin, pàápàá lẹ́yìn òjò. Nítorí náà, bí wọ́n bá fa ẹṣin wá síbi ìnáwó ládùúgbò, ẹ jẹ́ kí ọmọ wò ó, kí ó sì fọwọ́ kàn án lọ́rùn bí ẹni tó ni ín bá gbà. Ẹ má ṣe gbé ọmọ lé e láàrin ìlù àti ariwo.

Ibi tó yẹ ni pápá tó tẹ́jú, tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tí mọ́tò kì í gbà. Iyanrìn etí òkun dára fún un. Àwọn tó mọ Èkó láyé àtijọ́ yóò rántí Bar Beach ní Victoria Island, níbi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti máa ń dúró de àwọn tó wá gbafẹ́fẹ́. Òkun bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀, wọ́n sì ti fi iyanrìn dí i padà. Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí. Lónìí, àwọn etí òkun ìhà Lẹ́kí, irú bí Ẹlẹ́gúṣì, ni ẹ ó ti rí ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọníyà, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, kí ó bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀.

Ibi yòówù kí ẹ lọ, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ. Oòrùn kò tíì mú, èrò kò tíì pọ̀, ẹṣin kò sì tíì rẹ̀. Ẹṣin tó ti ń gbé ènìyàn láti àárọ̀ ọjọ́ ọdún, bí ẹ bá dé bá a ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, sùúrù rẹ̀ ti tán.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÌDÍLÉ KAN

Ìdílé kan wà tí a mọ̀ dáadáa ní Beyerunka. Bàbá mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ sí etí òkun kan lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì. Wọ́n ná owó, wọ́n gbé ọmọ gorí ẹṣin. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fà á rìn díẹ̀, ó rí oníbàárà mìíràn lókèèrè, ó jọ̀wọ́ okùn, ó sì gbá ẹṣin nídìí kí ó lè tètè lọ kí ó tètè bọ̀. Ẹṣin sáré. Ọmọ kò mọ ohun tí yóò dì mú. Okùn ìjánu ló rí, ó sì fà á tagbáratagbára. Ẹṣin gbé orí sókè, ọmọ yọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gàárì, ó ṣubú. Iyanrìn ló gbà á, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n egungun apá rẹ̀ ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi di apá náà.

Apá kọ́ ló le jù. Apá jinná tán, ẹ̀rù kò lọ. Bí ọmọ náà bá rí màlúù tàbí ajá ńlá lójú pópó, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ìyá rẹ̀, tó ń tajà ní Ọjà'ba, búra pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹṣin nínú ilé òun mọ́. Bí ìjà kékeré bá sì dé láàrin tọkọtaya, ibẹ̀ ni yóò já sí: "Ẹ̀yin lẹ fi ọmọ mi lé ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́ nítorí fọ́tò." Bàbá náà kò ní èsì. Ó ń dákẹ́, ó ń pẹ́ kí ó tó wọlé lálẹ́. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹṣin ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹṣin.

Nígbà tí wọ́n wá bá wa, a sọ fún ìyá pé ìbínú rẹ̀ ní ìdí: ẹni tí kò yẹ ni wọ́n fi ọmọ lé lọ́wọ́. A sọ fún bàbá pé kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ láìfi "ṣùgbọ́n" kan kún un. Ó sọ ọ́ níṣojú wa, omi sì bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn èyí ni a tó mẹ́nu kan òwe tó ní ẹṣin kì í dáni ká má tún un gùn. Òwe náà kò sọ pé kí a fi ipá gbé ẹni tó ṣubú padà. Ohun tó ń wí ni pé bí ìṣubú bá jẹ́ ohun ìkẹyìn tí ènìyàn mọ̀ nípa nǹkan, ìṣubú náà ni yóò máa ṣe ọ̀gá lé e lórí.

Nígbà tí ọlidé gígùn dé, bàbá àti ìyá jọ mú ọmọ náà lọ síbòmíràn, ibi tí àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ lọ wò fúnra wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ kò gun nǹkan kan. Ó bá wọn fún ẹṣin ní koríko ni. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó lórí ẹṣin tó dúró sójú kan. Lọ́jọ́ kẹta, àgbà ọkùnrin kan di okùn mú, ìyá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá tó búra nijọ́sí, òun ló ya fọ́tò.

OHUN TÍ ẸYIN ÒBÍ YÓÒ BÉÈRÈ

Kí ló yàtọ̀ láàrin ibi àkọ́kọ́ àti ibi kejì? Ẹṣin kọ́. Ẹni tó di okùn mú ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1964 ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú un ní dandan pé kí ẹni tó ń fi ẹṣin háyà, tàbí tó ń gba owó kọ́ ènìyàn ní ẹṣin gígùn, gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kí dókítà ẹran sì yẹ àwọn ẹṣin rẹ̀ wò. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹ má ṣe retí pé ẹnì kan ti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Òbí fúnra rẹ̀ ni aláyẹ̀wò. Kí ọmọ tó gòkè, ẹ béèrè nǹkan márùn-ún wọ̀nyí:

1. Ṣé ìwọ fúnra rẹ ni yóò di okùn mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Bí ó bá dáhùn pé ẹṣin mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

2. Ṣé ẹṣin yìí ti mọ́ ọmọdé lára? Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ fà á rìn yí ká lójú yín, kí ẹ wo bí ẹṣin náà ṣe ń ṣe.

3. Akoto ńkọ́? Àwọn tó wà ní Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní 2009 yóò rántí ìgbà tí wọ́n fi dandan lé e fún ọlọ́kadà, tí àwọn kan lọ dé igbá. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n orí kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ẹni tó wà lórí ẹṣin ga ju ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lọ. Bí wọn kò bá ní akoto níbẹ̀, ẹ gbé tiyín lọ láti ilé, èyí tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú orí ọmọ, tó sì ní okùn àgbọ̀n.

4. Rírìn ni àbí sísáré? Ẹ sọ ọ́ kedere pé rírìn nìkan ni ẹ fẹ́. Ẹṣin tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ ń lọ bíi kìlómítà 6 láàrin wákàtí kan, kò fi bẹ́ẹ̀ yára ju ènìyàn lọ. Bí ó bá na ẹsẹ̀ tán, ó lè ju 40 lọ.

5. Èló ni, ìṣẹ́jú mélòó sì ni? Ẹ parí rẹ̀ nílẹ̀. Ìjà owó nígbà tí ọmọ ti wà lókè kò dára.

Bí ẹṣin bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ń tò lọ, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ pé òwe Yorùbá kì í parọ́: ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí èyí tó wà níwájú bá rìn, wọn yóò rìn. Bí ó bá sáré, àwọn tó kù yóò bá a lọ, yálà ẹni tó wà lórí wọn fẹ́ tàbí kò fẹ́. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ jù àti ẹṣin tó níwà pẹ̀lẹ́ jù ni kí ó ṣáájú, kí ọmọ tó kéré jù tẹ̀ lé e tímọ́tímọ́. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tó tó gígùn ẹṣin kan wà láàrin ẹṣin kan àti èkejì, kí ti iwájú má baà fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá èyí tó ń tẹ̀ lé e.

BÍ A ṢE Ń GÒKÈ ÀTI BÍ A ṢE Ń JÓKÒÓ

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn fún ọmọ, àti bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀. Sílípáàsì kò yẹ. Ìborùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ náà kò yẹ, nítorí ó lè dẹ́rù ba ẹṣin.

Ojú ẹṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ó rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àyíká rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó dúró gan-an lẹ́yìn ìrù rẹ̀, kò sì rí ohun tó súnmọ́ iwájú orí rẹ̀ jù. Nítorí náà, ẹ gba apá èjìká rẹ̀ súnmọ́ ọn, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bọ̀. Ẹ má gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ wo etí rẹ̀: bí ó bá nà síwájú, ó ń fiyè sí nǹkan, bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ mọ́ ọrùn, inú ń bí i, kò tíì yá láti gùn.

Apá òsì ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ẹṣin pé ènìyàn yóò ti gòkè. Bí ọmọ bá jókòó tán, kí ó na ẹ̀yìn ṣánṣán, kí ó máa wo iwájú, kì í ṣe ilẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ fẹ̀ sí lẹ́yìn ọmọ ìka nìkan ni kí ó tẹ irin ìtẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ó bá ṣubú, ẹsẹ̀ yóò yọ. Bí ẹsẹ̀ bá wọlé tán, ẹṣin lè wọ́ ọ nílẹ̀ lọ.

Kí ọmọ di iwájú gàárì tàbí gọ̀gọ̀ ẹṣin mú, kí ó má fa ìjánu. Jákọ́bù mẹ́nu kan ìjánu ní orí kẹta ìwé rẹ̀, ohun kékeré tó ń darí ara ńlá. Ẹni tó bá rí i nítòsí yóò mọ ìdí: irin náà wà lórí ẹran rírọ̀ nínú ẹnu. Ẹni tó bá fà á lójijì, ìrora ló ń fún ẹṣin, ìrora sì ni yóò máa sá fún. Kí ọmọ má ṣe lọ́ okùn mọ́ ọwọ́, kí ó má sì pariwo. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí itan bá ń dùn ún lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe àìsàn.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ ṣubú, tó ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ má gbé e dìde. Ẹ wá àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá bó, ẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn, nítorí kòkòrò àrùn náà a máa wà nínú ìgbẹ́ ẹṣin àti nínú ilẹ̀.

ẸṢIN NÁÀ NÍ Ẹ̀MÍ

Owó tí ẹ san kò ra ẹ̀mí ẹran náà. Ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó gùn ún. Bí ẹ bá lè ka egungun ìhà rẹ̀, bí egbò bá wà lábẹ́ gàárì, bí ó bá ń tiro, ẹ má gùn ún, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹṣin lè mu omi tó lítà 20 sí 45 lóòjọ́, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru. Ẹ béèrè ibi tí omi rẹ̀ wà. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹṣin sọ pé kí ẹni tó gùn ún àti gàárì pọ̀ má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin náà lọ. Bí ẹṣin bá wọn kìlógíráàmù 350, ẹrù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 70 lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá tí ikùn ti yọ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ gùn ún, kí ẹ̀yin máa fẹsẹ̀ rìn. Ìwé Òwe orí 12, ẹsẹ 10, sọ̀rọ̀ nípa olódodo àti ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Ẹ kà á fún àwọn ọmọ kí ẹ tó jáde nílé.

Kò di dandan kí gbogbo ìdílé lọ sí etí òkun, kò sì sí ìtìjú fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó o lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ, kí ó rí ju fọ́tò gbà bọ̀. Ọmọ tó jókòó sórí ẹran tó wúwo tó ìlọ́po mẹ́wàá òun, tó rí i pé ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń darí rẹ̀ ju igbe lọ, ti kọ́ ohun tí yóò wúlò fún un nígbà tí òun náà bá ní àwọn tí yóò máa darí. Kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó fọwọ́ pa ọrùn ẹṣin, kí ó sì kí ẹni tó di okùn mú pé, "Ẹ ṣeun, sà." Ẹ má jẹ́ kí ó gbàgbé ìyẹn.